Ìwé Ilẹ̀ Lọ́wọ́ Ayánilówó: Ilé, Gbèsè àti Ẹbí ní Èkó láti Ọdún 1861

Ẹni tí ó bá rìn ká àwọn àdúgbò Èkó, tàbí ìlú ńlá mìíràn ní Nàìjíríà, yóò ti rí àkọlé kan lára ògiri, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ gàdàgbà gàdàgbà: Ilé yìí kì í ṣe títà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́. Àlejò tí kò mọ ìtàn ìlú lè rò pé àwọn tí ń wá ilé rà ni wọ́n ń yọ onílé lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àkọlé náà ń sọ ni pé ilé lè bọ́ mọ́ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ lọ́wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Gbájúẹ̀ lè tà á. Ọmọ bàbá kan lè tà á mọ́ àwọn ìyókù lórí. Ẹnì kan nínú ẹbí sì lè ti gbé ìwé rẹ̀ fún olówó tí ó yá a lówó. Ọ̀nà kẹta yìí ni a fẹ́ tọpa rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé òun ni ó dàgbà jù nínú ìtàn Èkó, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní gbangba. Kò sí ẹni tí ń fi gbèsè baba rẹ̀ kọ orin.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó sọ ilé di ohun tí a fi ń yá owó. Ìwé àti ilé ẹjọ́ ni. Kí ìwé tó dé, ènìyàn ni ó máa ń dúró fún gbèsè. Nígbà tí ìwé dé, ilé gba ipò ènìyàn. Àwọn tí kò ní ìwé, tàbí tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé, ni ó jìyà ìyípadà náà jù lọ. Èkó ni a mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890 ni báńkì òde òní tó dé ibẹ̀. Ìlú náà ti wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, wọ́n sì ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé alájà sí etí ọ̀sà. Ẹni tí ó bá fi owó ẹ̀yá kọ́lé láàrin ọgbọ̀n ọdún yẹn, ọwọ́ aládàáni ni ó ti rí owó náà: oníṣòwò òyìnbó, oníṣòwò dúdú, àna, ará ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ẹlẹ́gbẹ́ èsúsú.

Láyé àtijọ́, ilé kíkọ́ kì í sábà mú ènìyàn wá owó yá. Amọ̀ wà nínú ilẹ̀ ẹbí. Igi àjà àti koríko òrùlé wà nínú igbó àti ọ̀dàn. Ọmọ ilé, àna àti ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fi ọ̀wẹ̀ mọ ògiri. Ẹni tí ó pe ọ̀wẹ̀ yóò pèsè oúnjẹ àti ẹmu, yóò sì mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò pe òun náà. Owó tí àwọn baba wa ń yá, ti ìsìnkú ni, ti ìyàwó, ti ẹjọ́, ti ìràpadà ẹni tí ogun kó. Ilẹ̀ kò sì ṣeé fi yá a. Baba ńlá ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ kàn ń lò ó ni, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì ní ìpín níbẹ̀. Olówó wo ni yóò gba ohun tí ó ní olúwa tó bẹ́ẹ̀?

Ènìyàn ni olówó ń gbà. Ẹni tí ó fẹ́ yá owó yóò fi ara rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀ sọfà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú: olówó kò lè tà á, ó sì ní ilé bàbá tirẹ̀ tí ó lè padà sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe lóko olówó, èlé ni. Ojú owó kò dín. Bí ó sìn ín fún ọdún kan, bí ó sìn ín fún ogún ọdún, iye tí wọ́n yá ní ọjọ́ kìíní náà ni wọn yóò dá padà kí ó tó bọ́. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ní 1921, ṣe àlàyé kíkún lórí ìwọ̀fà. Ó tún sọ nípa irú ènìyàn kan tí olówó máa ń bẹ̀ níṣẹ́ bí gbèsè bá pẹ́ jù, èyí tí wọ́n ń pè ní ológò. Ológò yóò wọ ilé ajigbèsè, yóò jókòó tì wọ́n, yóò máa bú tọmọdé tàgbà, yóò sì máa gbé adìẹ àti ewúrẹ́ tí ó bá rí, títí ara yóò fi ni ẹbí, tí wọn yóò sì wá owó náà jáde.

Ó yẹ kí àwa tí ń kọ́ni ní èdè dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí. Lónìí, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ ‘dógò’ tàbí ‘ohun ìdógò’, ohun tí yóò wá sí i lọ́kàn ni ẹrù, ilé tàbí ìwé tí a fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ olówó. Nínú ohun tí Johnson kọ, ènìyàn ni ó ń dógò ti ènìyàn. Ará ilé ni ológò ń ni lára. Kò fọwọ́ kan ilé náà fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ronú pé ó lè gbà á. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí ènìyàn bọ́ sórí ohun ìní, ọ̀nà tí ó gbà kúrò náà ni ìtàn tí a ń sọ yìí gbà.

Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó. Kòsọ́kọ́ sá lọ, Akítóyè padà sórí oyè. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí ó ti oko ẹrú bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní ọ̀pọ̀: àwọn Sàró láti Sẹ̀rá Líónì, àwọn Àgùdà láti Brazil àti Kúbà. Wọ́n bá àwọn oníṣòwò òyìnbó níbẹ̀ tàbí kí àwọn òyìnbó bá wọn. Gbogbo wọn ń wá ilẹ̀. Ọba Dòsùnmú, tí ó gorí oyè ní 1853, fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ilẹ̀, ó sì fi ìwé tì í. Ohun tí ìwé náà túmọ̀ sí gan-an, ẹnu kò kò lé e lórí. Lójú àlejò tí ó gbà á, ilẹ̀ ti di tirẹ̀. Lójú àwọn ìjòyè Ìdéjọ, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, wọ́n kàn fún àlejò ní ibi tí yóò gbé ni.

Àwìn ni òwò ìgbà náà. Oníṣòwò òyìnbó yóò gbé aṣọ, ọtí, iyọ̀ àti owó ẹyọ fún oníṣòwò dúdú; èyí yóò kó wọn lọ sí àwọn ọjà ẹ̀yìn odò, yóò sì fi epo pupa san án padà lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Bí ogun bá dí ọ̀nà, tàbí bí iye owó epo bá wálẹ̀ ní Liverpool, gbèsè yóò dúró sọ́rùn ẹnì kan. Ẹ̀fúnróyè Tinúbú, ẹni tí kò sí oníṣòwò tí kò mọ̀ ọ́n ní Èkó ìgbà náà, kó sínú irú aáwọ̀ gbèsè bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣòwò òyìnbó, ó sì wà lára ohun tí ó yí ìjà òṣèlú po tí wọ́n fi lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ilé tí olówó lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ parí. Ènìyàn náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n lé.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Òwò ẹrú ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ fi òpin sí. A. G. Hopkins, nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde ní 1980, sọ pé a gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ohun ìní kún un: àwọn oníṣòwò fẹ́ ìjọba tí yóò jẹ́ kí ilẹ̀ àti ilé ṣeé gbà dípò gbèsè. Àwọn kan lè rò pé ó fi owó ṣíwájú ohun gbogbo. Ní tiwa o, ohun tí ìjọba tuntun náà tètè ṣe ni ó jẹ́ kí a gbà pẹ̀lú rẹ̀. Láti 1863 ni wọ́n ti ṣe òfin tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀tọ́ ilẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń fún ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ ní orúkọ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà ń jẹ́ orúkọ ẹnì kan. Ó ṣeé tà, ó ṣeé jogún, ó sì ṣeé gbé fún olówó.

Ní àkókò kan náà, ilé kíkọ́ di ohun tí ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà Àgùdà mú ọnà ilé Brazil wá: ògiri bíríkì, fèrèsé gíga, àjà òkè, ọnà òdòdó lójú ògiri. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹni tí ó bá rí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò tún fẹ́ gbé abẹ́ koríko mọ́. Ṣùgbọ́n bíríkì, páànù, ìṣó, gíláàsì àti owó iṣẹ́ bíríkìlà kò ṣeé fi ọ̀wẹ̀ rí. Báyìí ni ohun méjì pàdé: ilé tí ń béèrè owó, àti ìwé tí ó lè mú owó wá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni tí ó ní ìwé ilẹ̀ yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní owó. Agbẹjọ́rò tàbí akọ̀wé yóò kọ ìwé àdéhùn: iye owó, èlé rẹ̀, ọjọ́ tí yóò san án. Olówó yóò ti ìwé ilẹ̀ mọ́ àpótí rẹ̀. Onílé yóò máa gbé inú ilé rẹ̀ bí ó ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀, ará àdúgbò kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tilẹ̀ ṣe owó ni ó ń gbà bí kò ṣe ẹrù, tí yóò tà, tí yóò sì fi èrè rẹ̀ mọ àjà kejì. Bí ó bá san án, yóò gba ìwé rẹ̀ padà. Bí kò bá san án, olówó yóò pè é lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ yóò pàṣẹ, wọn yóò sì lu ilé náà ní gbàǹjo. Gbàǹjo yìí, tí àwọn Haúsá ń pè ní gwanjo, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ òde òní fi ń sọ nípa aṣọ òkìrìkà. Ọ̀rọ̀ tí ń mú omi jáde lójú ẹbí ni nígbà náà. Ẹni tí ó yá wọn lówó sì lè jẹ́ ẹni tí yóò ra ilé náà.

Kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà yìí ju Daniel Conrad Táíwò lọ, ẹni tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Táíwò Olówó. Ọmọ Ìsẹrì ni. Kò bá àwọn Sàró kàwé, kò sì ní ìran ọba ní Èkó, ṣùgbọ́n ó di ọ̀rẹ́ Gómìnà Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, ó sì tètè rí i pé agbára tuntun wà nínú ìwé ilẹ̀ àti ilé ẹjọ́. Kristin Mann, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tú àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ àti ìwé ilẹ̀ Èkó wò, fi hàn bí ó ṣe ń gba ìwé ilẹ̀ jọ, tí ó ń fi wọ́n gba ẹrù àwìn lọ́wọ́ òyìnbó, tí òun náà sì ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó lórí ilé tiwọn. Bí wọn kò bá rí i san, ilé wọn á di tirẹ̀. Kò lé gbogbo wọn jáde o. Ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa gbé inú àwọn ilé rẹ̀, kí wọ́n máa jẹ́ ènìyàn rẹ̀, kí wọ́n máa bá a lọ sí ibi tí ó bá ń lọ. Olówó tí ó ní ìwọ̀fà ní ayé àtijọ́ kò ní rí ohun tuntun púpọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Táíwò kú ní 1901, ó wà lára àwọn tí ó ní ilé àti ilẹ̀ jù ní Èkó, ibojì rẹ̀ sì di ohun ìrántí ní àárín ìlú.

Ìwé kan náà tí ó gbé Táíwò ga ni ó gbé ẹlòmíràn ṣubú. James Pinson Labulo Davies, tí a bí ní Sẹ̀rá Líónì ní 1828, jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ òkun, oníṣòwò ńlá, àti ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ran ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Nínú àwọn ọdún 1870, ó fi àwọn ilé rẹ̀ dógò fún ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹrù tí ó ń gbà ní àwìn. Òwò kò lọ bí ó ti rò. Gbèsè bò ó mọ́lẹ̀, ẹjọ́ tẹ̀ lé e, ohun ìní rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó. Ní nǹkan bí 1880 ni ó kó lọ sí Ìjọn, lẹ́bàá Agége, tí ó gbin kòkó. Àwọn òpìtàn ka oko náà mọ́ àwọn oko kòkó tí ó ṣíwájú ní ilẹ̀ Yorùbá. A lè sọ, láìṣe àsọdùn, pé ilé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní etí ọ̀sà wà nínú ìtàn bí kòkó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Kòkó yóò tún fẹsẹ̀ kan nínú ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá jù ni ti àwọn obìnrin. Àwọn ni wọ́n ń gbé ọjà Èkó ró. Síbẹ̀, Mann rí i pé díẹ̀ ni wọ́n nínú àwọn tí ó gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tí wọ́n bá pe ẹbí pé kí ẹnì kan lọ fi orúkọ sílẹ̀, ọkùnrin ni wọ́n ń rán: baba, ẹ̀gbọ́n, tàbí ọkọ. Kò jọ ohun tí ó ṣe pàtàkì lọ́jọ́ náà, nítorí pé yàrá obìnrin náà wà ní agboolé baba rẹ̀ síbẹ̀. Àṣìṣe náà hàn nígbà tí ó di pé ẹni tí ó ní ìwé ni ó lè yá owó ńlá. Ìyá tí ó ń ta ọjà láti ọdún dé ọdún, tí ó mọ òwò ju ọmọkùnrin rẹ̀ lọ, ni yóò máa wá onídùúró kiri, nígbà tí ọmọ náà yóò gbé ìwé lọ bá olówó. Àwọn obìnrin tí ó tètè gba ìwé tiwọn, tàbí tí ó fi owó ọjà ra ilé, lo ó bí àwọn ọkùnrin ṣe ń lò ó. Wọn kò pọ̀.

Àwọn ẹbí kò kàn jókòó kí wọ́n máa wò. Bí ìwé bá ń jẹ́ orúkọ ẹnì kan, tí gbogbo ẹbí sì ń gbé inú ilé náà, ta ni ó ni ín? Ìbéèrè yìí dé ilé ẹjọ́ léraléra. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni ẹjọ́ Lewis àti Bánkólé tí wọ́n dá ní 1908. Olóyè Mábinúorí ni ó ti kú ní 1874, tí ó fi agboolé kan sílẹ̀ ní Èkó; àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bára wọn fà á. Ilé ẹjọ́ sọ pé ilé ẹbí ni, pé kì í ṣe ti àkọ́bí nìkan, àti pé obìnrin pàápàá lè jẹ́ olórí irú ẹbí bẹ́ẹ̀. Láti inú irú ìdájọ́ báwọ̀nyí ni òfin ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé olórí ẹbí kò lè dá ilé ẹbí tà tàbí kí ó dá a fi dógò láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fi ọwọ́ sí i. Ní 1921, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní London tún dá Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, láre: wọ́n ní ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àti ti ìlú, àti pé fífi tí Dòsùnmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́. Herbert Macaulay ni ó bá Olúwa lọ sí London nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ayọ̀ ńlá ni ó jẹ́ ní Èkó.

Lójú ayánilówó, kì í ṣe ayọ̀. Ìdájọ́ tí ó gba ilé ẹbí lọ́wọ́ gbàǹjo náà ni ó sọ ìwé ẹnì kan di ohun tí a kò lè gbójú lé. Olówó tí ó gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí àwọn àgbà ẹbí wá fọwọ́ sí i. Bí wọn kò bá wá, yóò bu èlé lé e tàbí kí ó sọ pé òun kò yá a. Ọmọ ẹbí tí ó fẹ́ fi owó ẹ̀yá tún òrùlé ilé bàbá rẹ̀ ṣe lè rìn fún ọdún kan kí gbogbo ẹbí tó fẹnu kò. Àwọn kan ń gbé àṣà ilẹ̀ ẹbí ga bí ẹni pé kò pa ẹnikẹ́ni lára rí. A kò bá wọn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dáàbò bo ilé. Ó sì fi ọ̀pọ̀ ilé sílẹ̀ láti máa jò.

Báńkì dé nígbẹ̀yìn. Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1894, ṣùgbọ́n owó ìjọba àti ti ilé iṣẹ́ òyìnbó ni ó ń bójú tó. Ọmọ ilẹ̀ tí ó fẹ́ kọ́lé kì í sábà rí ojúrere níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ayánilówó aládàáni ṣe ń pọ̀ sí i dípò kí wọ́n dín. Lára wọn ni Cândido da Rocha wà, ọmọ Àgùdà tí ó ní Ilé Olómi ní òpópónà Kakawa, tí a bí ní 1860 tí ó sì kú ní 1959. Onílé ni, ayánilówó sì ni. Àwọn mìíràn kò ní orúkọ rere bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pè wọ́n ní sogúndogójì, nítorí pé ogún tí ènìyàn yá lọ́wọ́ wọn ń di ogójì. Òfin àwọn ayánilówó ti 1938 sọ pé kí wọ́n gba ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ẹni tí ń yá owó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó sí wọn lọ́wọ́ yóò lọ dá èsúsú. William Bascom, tí ó kọ̀wé lórí èsúsú ní 1952, rí i pé owó tí ẹnì kan kó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè tó ṣe ohun tí kò ní tó fún un bí ó bá ń tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí èlé nínú rẹ̀. Orúkọ rere nìkan ni ìdógò. Ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.

Ní ìgbèríko, kòkó ṣe ohun tí ìwé ilẹ̀ ṣe ní Èkó. Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ kọ́ ilé onípáànù sí ìlú rẹ̀ yóò fi oko kòkó dógò fún ẹni tí ó yá a lówó. Olówó yóò máa ká kòkó náà lọ́dọọdún. Èso tí ó ń ká, èlé ni. Ojú owó dúró síbẹ̀ títí àgbẹ̀ yóò fi san án lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ó ka ìwé Polly Hill lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó Gánà, tí ó jáde ní 1963, yóò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe bákan náà lọ́hùn-ún. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ń fi òfin lé ìwọ̀fà kúrò nílẹ̀, igi kòkó ni ó jogún ipò rẹ̀: igi ń sìn, gbèsè ń dúró.

Lẹ́yìn òmìnira, Èkó kún. Àwọn tí ń kọ́lé sí Mushin, Ṣómólú àti Ajégúnlẹ̀ kò rí owó báńkì, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìfowópamọ́ ìkọ́lé tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1956, tí ó di Federal Mortgage Bank ní 1977, kò lè tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n wá rí ayánilówó kan tí kò sí ẹni tí ń pè é bẹ́ẹ̀: ayálégbé. Onílé tí ògiri rẹ̀ ti dé ibi òrùlé, tí owó sì tán, yóò gba owó ilé ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbé yàrá tí kò tí ì ní ilẹ̀kùn. Owó náà ni yóò fi ra páànù. Ẹ̀yá ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ilé ni a ń pè é. Yàrá tí ayálégbé ń gbé láìsan owó mọ́ ni onílé fi ń san án padà. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2011 sọ pé kí onílé má ṣe gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Àwọn ayálégbé yìn ín. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn tó gbọ́ ẹni tí ó béèrè ibi tí onílé kékeré yóò ti máa rí owó òrùlé báyìí.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ni ó tún da ọ̀rọ̀ ìdógò rú. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi ilẹ̀ dógò gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajílò, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìdógò tí kò ní ìfọwọ́sí yìí, òfo ni. Ẹni tí ó yá owó náà ni ó gbé ẹjọ́ náà wá. Òun ni kò gba ìfọwọ́sí, òun náà ni ó sì jàre. Àwọn adájọ́ pàápàá sọ pé òfin náà nira, ṣùgbọ́n pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni àwọn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Bí báńkì, tí ó ní agbẹjọ́rò tirẹ̀, bá lè pàdánù báyìí, kí ni ti ìyá oníṣòwò tàbí òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tí ó fi owó rẹ̀ yá ẹni tí ń kọ́lé? Irú wọn ṣì ń gba ìwé ilẹ̀ sọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé e. Wọ́n ń béèrè onídùúró méjì, tí wọ́n mọ ilé wọn. Wọ́n sì ń gba ìwé sọ̀wédowó tí a ti kọ ọjọ́ iwájú sí, nítorí pé òfin kan tí ìjọba ológun ṣe ní 1977 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn kọ sọ̀wédowó tí kò sí owó lẹ́yìn rẹ̀, ìjìyà rẹ̀ sì lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ẹni tí kò bá rí owó san lè máa gbé inú ilé náà lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ọlọ́pàá yóò wá mú.